Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Dúró Jẹ́ẹ́ Nínú Fóònù

Ọmọ mi Ọ̀kẹ́rẹ́,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Kékeré, ọmọ-ọmọ mi tí mi ò tíì fojú kàn rí àfi nínú gíláàsì fóònù. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dẹwọ́ díẹ̀? Ẹ ò ní ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ ò ní ṣèṣe níbi iṣẹ́, ọ̀nà tí ẹ bá gbà ò sì ní há mọ́ yín, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn tàbí èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ti ṣe àmín tirẹ̀ kí n tó parí àdúrà.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lọ sí sítúdíò mi ṣì ń ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, mi ò sì tún un ṣe, nítorí òun ló ń sọ fún mi pé oníbàárà ń bọ̀. Oníbúrẹ́dì òdìkejì ti ra ààrò tuntun, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé tọ̀ wá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé nìkan ni àwọn èèyàn ń wá yà lọ́dọ̀ mi báyìí. Gbogbo ayé ló ti di onífọ́tò, kálukú ń na ọwọ́ sókè ó ń ya ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí kí á fi fìlà dé ìbàdí, mo ṣì ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà sílé yín ń sáré dáadáa tó bá jẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè yín níbẹ̀, àfi tó bá fẹ́ jáde wá sọ́dọ̀ wa ló máa ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ọ yé. Bí oníbúrẹ́dì wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ará àdúgbò ló ń jẹ gbígbóná, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, èyí tó ti tutù ló ń bá. O tún ní iléeṣẹ́ wọn sọ pé àfi kí o ra èyí tó tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ. Mo bi ọ́ pé báwo ló ṣe tóbi tó, ṣé á gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá, o sì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní mi ò mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Bí kò bá gba ẹnu ọ̀nà, ẹ yọ ilẹ̀kùn ná, kí ẹ tún un gbé padà tó bá wọlé tán.

Èyí tó dùn wá ni pé o ní o máa gba iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ rẹ kí o lè san owó rẹ̀, àti pé kó tó dìgbà náà, ká má wulẹ̀ wo ojú ara wa mọ́, ká kàn máa gbọ́ ohùn. Ìyá rẹ fi etí ìró nu ojú, ó ní eruku ni. Eruku kankan ò sí nínú yàrá, èmi ni mo gbá a.

Má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbọ́ tẹnu mi ná, nítorí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Èkíní, nǹkan tí o ní ká tẹ̀ lórí fóònù láti fi mọ bó ṣe ń yára sí lọ́dọ̀ tiwa, a tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ kan jáde, ó gòkè díẹ̀, ó mí, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ ní irú èyí náà ló wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ òun lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣàn dáadáa mọ́. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti ní kí n dùbúlẹ̀, ó ti gbé ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì ti mú iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní fóònù ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń wọ̀n, kì í ṣe èmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò tíì dá iyọ̀ mi padà.

Ẹnu nọ́ọ̀sì yìí kan náà la ti gbọ́ èkejì, òun sì ló ń tì mí lójú láti sọ. O rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, kò sí ohun tí mi ò fi bẹ̀ ọ́ kí o lè dúró fún fọ́tò. Màá gbé ọ ka àpótí níwájú aṣọ tí mo ya àtẹ̀gùn sí, màá ní má mira, kí n tó tẹ kámẹ́rà o ti fò sílẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wa lórí fóònù, tí mo rí i pé o kàn ṣàdédé dúró jẹ́ẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, inú mi dùn. Mo ní òkèèrè ti kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń dúró fún fọ́tò. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹnu rẹ máa ń là sílẹ̀, ojú kan á sì pa dé díẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé màá bá ọ sọ ọ́, pé kéèyàn pa ẹnu dé ná kó tó dúró.

Bí ẹnì kan bá sì ti dúró fún fọ́tò, kò yẹ kí àwọn tó kù máa mira. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ wa. Nítorí náà, bí o bá ti dúró, àwa náà á dúró. Ìyá rẹ á di èémí mú títí ikọ́ á fi gbé e. Nígbà tí o bá ń pariwo pé, Bàbá mi, ẹ ti dúró o, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, à ń gbọ́ ọ ketekete, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ mira kí ó ba fọ́tò jẹ́?

Nọ́ọ̀sì ló là wá lóye pé kì í ṣe fọ́tò lẹ ń dúró fún, íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń há. Ọmọ mi, o sọ pé o ti bá iléeṣẹ́ yẹn jà lẹ́ẹ̀mejì pé àwòrán tiwa náà ń dúró lójú kan. Jọ̀wọ́, padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ìdajì rẹ̀, àwa ni. Sọ fún ọ̀gá wọn pé bó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, màá ya fọ́tò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì fi férémù sí i.

Ó ku ọ̀kan, òun sì ni ìdí tí mi ò fi fẹ́ ká dáwọ́ wíwo ojú ara wa lórí fóònù dúró. O mọ ògiri yàrá inú, níbi tí mò ń gbé fọ́tò rẹ kọ́ sí lọ́dọọdún, gbogbo rẹ̀ ló rí bàìbàì, òmíràn lórí méjì, òmíràn lápá bí èéfín. Mo ti kan ìṣó sílẹ̀ de àwọn ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ pé o máa gbé àpò. Láti ìgbà tí o ti lọ, ìṣó lásán là ń wò. Lọ́jọ́ tí Kékeré wá dúró lójú kan nínú fóònù, tòun ti ọwọ́ lẹ́nu, mo sáré gbé kámẹ́rà àtijọ́ jáde. Ìyá rẹ di fóònù mú, mo fi aṣọ dúdú bò wá lórí, mo sì yà á. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, ìlà wà lójú rẹ̀ bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sára fèrèsé, ṣùgbọ́n iwájú orí ìyá mi ni mo rí níbẹ̀. Mo gbé e kọ́. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ ń kí i.

Ṣé o rí i báyìí? Bó bá ń yára, o ò ní dúró. Wàá béèrè àlàáfíà wa, wàá ní ó dàbọ̀, ó tán. Èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yìí ló ń dá yín dúró fún wa ká lè wò yín dáadáa. Bí mo sì ṣe wò ọ́ dáadáa, onífọ́tò ni mí, mo rí i pé ojú rẹ ti pọ́n, oorun ò tó ọ. Má gba iṣẹ́ alẹ́ kankan nítorí wa. Ẹ jẹ́ kó máa há. Àárò rẹ ń sọ mí, Ọ̀kẹ́rẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó fíìmù díẹ̀ ránṣẹ́, ìyá rẹ sì ní kí o fi ti awò ojú tòun kún un, ó ní òun fẹ́ rí eyín Kékeré bó bá hù. Owó tí o fẹ́ máa fi kún ti iléeṣẹ́ yẹn lóṣooṣù, bí o bá rí i, tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tó bá tó owó ọkọ̀, ẹ gbé ara yín wá. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa, á pa àwa náà mọ́ dè yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà yín, ti ibí ò sì ní gbàgbé ẹsẹ̀ yín.

Ìṣó tó wà láàárín ògiri, mi ò ní gbé nǹkan kan kọ́ sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, màá gbé Kékeré ka àpótí, mi ò sì ní sọ fún un pé kó má mira. Kó fò sílẹ̀, kó máa sáré káàkiri. Bí fọ́tò náà bá jáde ní bàìbàì, ibẹ̀ ni màá gbé e kọ́ sí, ẹni tó bá wọlé á sì mọ̀ pé Kékeré wá sílé lóòótọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onífọ́tò.