Rọ́bà Ìmí Bàbá Bogoljub

                                                            12, Òpópónà Lipa,
                                                            Niš,
                                                            Serbia.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2023.

Milunka, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Graz o, ní Austria lọ́hùn-ún. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn láìfọwọ́ ti ògiri? Ara tiwa le níbí, àfi ajvar, tàtàṣé lílọ̀ tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, tí a ti jẹ tán kí òtútù tó lọ.

O kọ̀wé pé àwa nọ́ọ̀sì tó kù nílé kàn ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ni, bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́. Ẹnu rẹ kì í sinmi. Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ. Dókítà Vukašin, ọ̀gá wa tuntun, ló ní nọ́ọ̀sì tí kò bá yege nínú ìdánwò òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́, wọ́ọ̀dù mìíràn ló ń lọ. Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ẹ̀! Mo yege nínú ti ìwé. Ó wá ku kó wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé. Bàbá Bogoljub tó ń sin oyin ní Svrljig, tí òtútù àyà dá wó, ni aláìsàn mi. Bí ọ̀gá ṣe ń wọlé ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá ń jà pìtìpìtì, ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló ń bá jà, kí n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun kíá.

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù ná, ọ̀gá."

Mi ò wo ẹ̀rọ. Àyà bàbá ni mo wò, kò gbéra. Mo fi ọwọ́ tọ rọ́bà ìmí láti ẹnu rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, àṣé ó ti há sáàárín irin bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yọ ọ́. Àyà gbéra, ariwo dákẹ́, ètè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀gá ní, "Gordana, o jù mí lọ lónìí." Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Ó yọ bírò láti fọwọ́ sí ìwé mi.

Ṣùgbọ́n ta ló sún bẹ́ẹ̀dì? Èmi ni. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn jọ ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, o sì mọ bí àwa ará Serbia ṣe ń bẹ̀rù atẹ́gùn tó bá ń gba àárín ilé kọjá, pé àìsàn ló ń gbé wá. Ìyá mi ṣì ń sọ pé irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ló mú ẹnu àbúrò òun wọ́. Mo bá sún bàbá kúrò lójú ẹ̀, n ò sì yẹ rọ́bà wò. Ọkàn mi kò gbà kí n gbé e mì. Mo jẹ́wọ́.

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Fèrèsé ọ̀hún ńkọ́, o tì í?"

Mo ní mo tì í. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ìyàwó bàbá.

Milunka, èébú ni mo múra sílẹ̀ fún. Desanka, ìyàwó bàbá, gbọ́ tán, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Atẹ́gùn yẹn ni ì bá pa á." Ọpẹ́ yẹn dùn mí wọ eegun ju èébú lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí ẹ bá sún bẹ́ẹ̀dì ní Graz, ẹ tọ rọ́bà.

                                                            Èmi ni tìrẹ tòótọ́, alágídí rẹ,
                                                            Gordana