Ìwàásù Bàbá Tí Fíláàṣì Kọ̀

Òṣogbo, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo ṣẹ Dúpẹ́, àbúrò mi. Nígbà tí Bàbá wa kú ní Iléṣà, mo kó gbogbo ìwàásù rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì fi dù ú, torí pé ó pè mí ní anìkànjọpọ́n níwájú ẹbí. Mo wá fi ìwà mi jẹ́rìí sí i.

Òní ni Dúpẹ́ gbé fíláàṣì wá láti Iwaraja, kí n lè da àwọn ìwàásù náà sínú rẹ̀ fún un. Fíláàṣì kọ̀! Gbogbo fáìlì ń ṣí wẹ́rẹ́ lórí Linux tí kọ̀ǹpútà mi ń lò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó wọ inú fíláàṣì tí wọ́n ṣètò fún Windows. Mo lu tábìlì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀rọ náà ló wá ń ṣahun báyìí?" Dúpẹ́ bi mí.

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.

Èmi ni mo fi ẹsẹ Bíbélì sọ ìwàásù kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Jòhánù 3:16, Sáàmù 23:4. Windows kì í gba tótó méjì (:) tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn nínú orúkọ fáìlì. Òfin burúkú wo nìyẹn?

Mo kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà, tó fi ìlà kékeré (-) rọ́pò tótó méjì nínú gbogbo orúkọ wọn. Wọ́n wọlé. Mo tan ọ̀kan: Bàbá wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Dúpẹ́ kò wojú mi.

Inú ṣì ń bí mi, sí ara mi gan-an. Mo yọ fíláàṣì náà, mo fi lé e lọ́wọ́.