Kásẹ́ẹ̀tì Orí Mi

Djègan-Kpèvi,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).
Oṣù Kẹjọ, ọdún 1976.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ọláìtán,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ilé yín l'Ékòó. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ti fúyẹ́? Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà tó pọ̀ débi tí ẹ ó fi rí bù fún mi, nítorí tèmi ti tán nílẹ̀.

Ẹ ó ti rí àdírẹ́sì tó wà lókè, ẹ ó sì ti máa bi ara yín pé kí ni Mouïnatou ń wá nílé bàbá wa, nígbà tí ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Ouando. Ẹ fara balẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, ẹ kò ní ka ìyókù.

Ẹ rántí ohun tó ń ṣe mí láti ìgbà tí mo ti bí Rafiatou. Màá kọ́kọ́ gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jóná, tí ẹlòmíràn kì í gbọ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú mi á là sílẹ̀, n kò ní mọ ibi tí mo wà mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣubú. Èyí tó burú ju ìṣubú lọ ni kí n máa retí rẹ̀. Láti àárọ̀ ni àyà mi á ti máa já pé ṣé òní ni, débi pé bí aládùúgbò bá dáná sun àkísà lásán, èmi á ti jókòó sílẹ̀. Àwọn dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ní ìbẹ̀rù ni. Ìyá Sikirou, ìyá ọkọ mi, ní kì í ṣe wárápá, nítorí itọ́ kì í hó lẹ́nu mi. Ó ní òun mọ ohun tí òun mọ̀.

Rédíò ló ń kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀ ọ̀hún. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba, tí wọ́n ní ká máa pe ara wa ní kámáràdì, kò sí ohun tí wọn kò fẹ́ gbá kúrò nílẹ̀. Ní báyìí ó ti kan àwọn àjẹ́. Rédíò ń pariwo pé kí ẹni tó bá mọ àjẹ́ fi í hàn, wọ́n sì ti kó àwọn ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa lọ. Ọjọ́ tí mo ṣubú létí kànga ni ibà pa ọmọ aládùúgbò wa kan, ni àwọn èèyàn bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìyá Sikirou gbé Rafiatou lọ sí yàrá tirẹ̀, ó ní ọmọ kò gbọdọ̀ sùn ti ẹni tí a kò mọ ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í sùn bí kò bá fọwọ́ di etí mi mú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Sikirou. Òun náà ló gbọ́ ní Kutonu pé dókítà Faransé kan ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe, òun ló sì mú mi lọ. Dókítà fi àtè lẹ wáyà mọ́ mi lórí káàkiri, ó so wọ́n mọ́ àpótí kékeré kan tí mo ń dè mọ́ ìdí, kásẹ́ẹ̀tì sì ń yí nínú rẹ̀. Ó ní kí n máa gbé e kiri nílé àti lọ́jà. Bí nǹkan náà bá dé, kásẹ́ẹ̀tì á gbà á sílẹ̀, òun á sì rí i bóyá àìsàn ni. Ó ní kí n má pẹ́ o, nítorí oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ òun ń parí níbí, ẹ̀rọ náà sì ń bá òun lọ sílé. Bíi pé èmi ni mò ń pe àìsàn wá.

Sikirou pe ìyá rẹ̀ àti dẹlẹgé, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò, wọ́n sì ṣàdéhùn lójú mi. Bí ẹ̀rọ dókítà bá rí àìsàn, ọmọ mi á padà sọ́dọ̀ mi, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè mí ní àjẹ́ mọ́. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí n fi ilé sílẹ̀ kí wọ́n tó wá mú mi. Mo gbà. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àìsàn tí mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí, mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kò wá. Mo wé gèlè lé wáyà, orí ń yún mi, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Rédíò. Célestin, nọ́ọ̀sì tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́, ló ń wá pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti wo ojú mi, á mọ̀ pé kò tíì dé, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ tó dé, mo ń ṣa ata lọ́jà Ouando. Mo gbọ́ òórùn aṣọ jíjóná. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, n kò tíì láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo di àpótí náà mú, mo ní, gbà á sílẹ̀, gbà á sílẹ̀, mo sì ṣubú sórí ata. Nígbà tí mo lajú, ata ti wọ̀ mí lójú, mo ti gé ahọ́n mi jẹ, aṣọ mi ti tutù. Gbogbo wọn dúró lókèèrè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ẹnìkan ní kí wọ́n wo àjẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Nígbà tí mo délé, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e sórí tábìlì, mo sọ fún Sikirou pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i, kó máa retí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá wa. Oorun tó máa ń gbé mi lẹ́yìn àìsàn náà sì gbé mi lọ.

Ní Kutonu, dókítà fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ ńlá, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọ ọ́, ó fi í sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì lásán. Ohùn Àáfáà àdúgbò wa ló jáde, ó ń ké Kùránì. Ó kà á, ó kà á. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Sikirou tó ní kí Ọlọ́run lé ohun tó wà lórí Mouïnatou jáde. Ohùn kékeré kan sì ní, Àmín. Rafiatou ni. Sikirou tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé a óò yìn ín.

Kásẹ́ẹ̀tì tí àwa mọ̀, wáàsí ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Sikirou mọ̀ pé ẹ̀rọ dókítà ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ló ń gba ohun tó gbọ́ pa mọ́. Ó rò pé ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń gba inú wáyà wọ orí mi, ló bá pe Àáfáà nígbà tí mo ń sùn, ó gbé ọmọ jókòó, ó tẹ bọ́tìnì pupa tí rédíò rẹ̀ fi ń gba ohùn sílẹ̀, èyí sì pa àìsàn mi rẹ́. Dókítà ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní bóyá kí n wá sí ìlú Faransé. Kásẹ́ẹ̀tì kò wúlò fún un mọ́, ó fi ta mí lọ́rẹ.

Nílé, níwájú dẹlẹgé, ohun kan ṣoṣo ni ìyá Sikirou béèrè, pé ṣé dókítà rí àìsàn? Sikirou wo ilẹ̀, ó ní kò rí nǹkan kan. Kò sì purọ́. Èmi ni mo lanu tí mo ṣàlàyé. Ìyá Sikirou gbọ́ mi tán, ó wá bi dẹlẹgé pé ohun tí Kùránì bá pa rẹ́ lórí èèyàn, ṣé àìsàn ni? Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi, ìyá náà pọ̀n Rafiatou sẹ́yìn. Ó ti sùn. Ó fọwọ́ di etí ìyá Sikirou mú.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹnubodè Kraké wọlé, ẹ lọ bá Sikirou, ẹ ní ẹ fẹ́ mú ọmọ lọ síléèwé l'Ékòó. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín. Lọ́dọ̀ yín, bó bá ń béèrè mi, ẹnìkan á dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ gbọ́ òórùn ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Kí àwọn ọmọ yín sùn tì yín títí wọn ó fi dàgbà. Ẹ ó débí láyọ̀, ọ̀nà kò ní nà yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Mouïnatou.

Àfikún: Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì, èyí tó nípọn, dání. Sikirou fi ẹnìkan rán rédíò rẹ̀ sí mi, bóyá ojú ló ń tì í. Mò ń fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà lójoojúmọ́. Mo máa ń fo Àáfáà, mo máa ń fo Sikirou, Àmín yẹn ni mò ń dúró dè. Òkúta inú rẹ̀ ti ń kú lọ. Lánàá, ohùn Rafiatou ti falẹ̀, ó ń dún bí ohùn bàbá arúgbó.