Ìdè Kékeré Tí Mo Yí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta, 2009. Ìkòròdú.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì, lónìí.

Ó ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. A dé Àgbọ̀wà, níbi tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi ti jó lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun ló fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, sí i, tó ṣètò rẹ̀ pé bí atẹ́gùn bá ti ń pọ̀ sí i, kí epo máa pọ̀ tẹ̀ lé e. Èmi, tíṣà físíìsì, ni mo yọ́ yí ìdè tó ń díwọ̀n epo náà wálẹ̀, kí bẹntiróò má baà tètè tán. Epo kò tó ẹ́ńjìnnì mọ́, ó gbóná jù, ó jó. Síbẹ̀, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní obìnrin ò lè ṣe mẹkáníìkì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀rù sì bà mí pé yóò sọ̀ mí kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ gbàgbé sipánà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kí n ní tíṣà físíìsì ò mọ físíìsì? Àṣírí yín ni mo bò."

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi sipánà lé mi lọ́wọ́. Sipánà mi ọjọ́sí ni.

"Ẹ rọra yí ìdè epo yìí, èmi ń wo géèjì tó ń fi ìwọ̀n epo hàn."

Mo fi sipánà mú ìdè náà. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ mi.