Kí Màámi Tó Wá Wo Sàréè Zakariyya

Màámi,

Àsàláàmù àléékúmù. Ará ilé Kudeti ńkọ́? Àwa wà dáadáa níbí, alhamdulillah.

Mo gbọ́ pé ẹ ti ń béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì kiri, kí ẹ lè wá wo sàréè Zakariyya ọmọ yín. Ẹ má wọ bàálù dé Lesotho, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Johannesburg ni kí ẹ bọ́ sí, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì wá. Màá dúró dè yín ní bodè. Ẹ má wá òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá kan ni mo kó lọ sí báyìí, ṣùgbọ́n ó móoru, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á sì gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹwàá. Òtútù orí òkè yìí kò ní jẹ́ kí orúnkún yín gbádùn. A ó jọ lọ wo òkè tí ọba wọn àtijọ́ fi ṣe odi, èyí tí Zakariyya máa ń sọ pé ó ga ju Mápó lọ.

Ohun kan ló kù, Màámi. Zulaihat ọmọ wa kò tíì mọ̀. Ó bi mí pé, "Níbo ni Dádì lọ?"

Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìbàdàn."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé fóònù fún un tí ẹ bá pè. Ó ti wá gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti to sálúbàtà bàbá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé.

Èmi ni Waliyat, ìyàwó yín.