Ohùn Tí Kì í Dárúkọ Áàfáà Rẹ̀

Sálíù àbúrò mi,

Àsàlámù àlékùn o. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Òtútù ìlú yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ ṣì ń dun Ìyá wa díẹ̀, àmọ́ oògùn tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ewúrẹ́ Bàṣírù ti bímọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè bá ẹ sọ lórí fóònù, torí mi ò fọkàn tán fóònù mọ́. Bàbá wa tí a ti sin, ohùn rẹ̀ ń ṣe wáàsí níbẹ̀, wáàsí tí kò ṣe rí láyé. O ṣáà mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rin àwọn abúlé Malete. Á bá wọn roko, á bá wọn jẹun, kí ẹnikẹ́ni tó kírun tẹ̀lé e. Kò sì ní ṣe wáàsí láìdárúkọ áàfáà tó kọ́ ọ. Ohùn yìí kì í dárúkọ ẹnì kankan. Kì í wúkọ́, kì í sinmi. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń tipasẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀sìn.

Lánàá, obìnrin àjèjì kan wọlé wá. Ó ní Bàbá ló kọ́ òun ní ìrun lórí fóònù lóṣù tó kọjá, òun wá dúpẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti kú, ṣùgbọ́n Ìyá ti ṣáájú mi:

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Obìnrin náà ní, "Ó le, mà. Ó ní kí n kí yín."

Jọ̀ọ́, ìwọ tí o mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá wa wá ẹni tó ń ṣe ohùn yìí. Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ, á ṣọ́ ilé rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o: láti àná ni Ìyá ti ń bu oúnjẹ Bàbá sọ́tọ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, Àṣàbí