Bí Ìbò Dádì Ṣe Ṣòfò ní Wirrabilla

Ilé àwọn Hallinan,
Òpópónà Bore,
Wirrabilla,
Queensland.
9 Oṣù Kejìlá, 2017.

Brydie, ọmọ ẹ̀gbọ́n Dádì mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Àǹtí Jacinta, mọ́mì rẹ, ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi ọkọ̀ ńlá kó màlúù lọ sí etíkun? Ẹ kú ooru o. Mo gbọ́ pé ó mú lọ́dọ̀ yín ní Toowoomba náà, ṣùgbọ́n tiwa níbí ti kọjá àròyé. Òjò ò rọ̀, àwa àti eṣinṣin la jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, odò sì ti gbẹ débi pé àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Láti ìgbà tí Dádì àti mọ́mì rẹ ti jà lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò, tí Dádì ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pè yín mọ́, èmi náà dákẹ́ bí òmùgọ̀. Dádì máa ń wo nọ́ńbà tí mo bá pè lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi gègé kọ̀wé sí ọ. Má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé jákujàku. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé-ìwé láti wá máa da àgùntàn, orí àmì ara àgùntàn nìkan ni mo ti ń kọ nǹkan.

Brydie, ìrànlọ́wọ́ ni mo ń wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ gbogbo ẹ̀.

Mọ́mì lóyún. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbọ́. Oṣù Kejì ló yẹ kí wọ́n bí i, ìgbà tí àgbàrá máa ń gé ọ̀nà wa gan-an nìyẹn. O rántí Declan, àbúrò mi. O wà níbi ìsìnkú ẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà ni pé mo wà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Omi ti bo afárá iwájú, ó ti bo ti ẹ̀yìn, Dádì wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń na fóònù sókè kó lè mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, èmi ni mo wà lẹ́yìn pẹ̀lú Mọ́mì. Ọmọ náà mí díẹ̀. Mọ́mì gbé e mọ́ àyà títí ara ẹ̀ fi tutù, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn títí omi fi fà.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo ń rí òrùlé ilé ìwòsàn. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ti ti ibi ìgbẹ̀bí pa, wọ́n ní dókítà ò tó. Aboyún tí kò bá fẹ́ bímọ sójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí ìlú ńlá kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Nítorí ẹ̀ ni Dádì ṣe jáde. Kì í ṣe nítorí ipò, sọ fún mọ́mì rẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ di aṣòfin ìpínlẹ̀ fún àgbègbè ìdìbò wa, Mulgadoon, láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ: kí ìjọba ṣí ibi ìgbẹ̀bí wa padà. Èmi ni mò ń bá wọn ṣí géètì oko kiri. A rin ìrìn àárọ̀ títí di ọ̀sán láti lọ bá agbolé kan, ká mu tíì, ká bẹ̀ wọ́n, ká tún yí padà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn, Brydie. Kódà àwọn tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ yín láti ìgbà bàbá wọn ní àwọn máa kọ oókan fún Dádì.

Lẹ́yìn náà ni mọ́mì rẹ pe Dádì. Dádì tan sípíkà fóònù, mo sì ń gbọ́ àwọn méjèèjì láti yàrá mi.

“Gavan, o ò lè wọlé. Ìbò Lyall Prentiss, ọmọ ẹgbẹ́ wa, lo fẹ́ pín. Ọkùnrin yẹn ti ń ṣojú yín tipẹ́.”

“Tó ń ṣojú wa? Ojú wo? Nígbà tí wọ́n ti ibi ìgbẹ̀bí pa, ṣé ó fọ́jú ni?”

“Bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní o lé àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò ní bàràńdà.”

“Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn tó ń dìbò fún mi pé kí wọ́n kọ eéjì fún un, kí ìbò wọn lè di tiẹ̀ bí mo bá fìdí rẹmi. Eéjì kẹ̀? Mi ò lè fún un ní oókan, mi ò lè fún un ní eéjì. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ má bá mi polówó ìkà.”

Bí fóònù ṣe kú nìyẹn, tí ilé méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdìbò, gbogbo ìlú wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé ń yan sọ́séèjì, àwọn èèyàn tò sínú oòrùn, wọ́n ń fi fìlà lé eṣinṣin. Èmi àti Dádì dúró lẹ́yìn ìlà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò fà fún wa. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ni Dádì ń sọ fún pé, “Kọ oókan síwájú orúkọ mi, kó o fi bírò sílẹ̀. Má fún àwọn yòókù ní nǹkan kan.”

Màmá Kratzmann, tó kọ́ Dádì ní kíláàsì kìíní, dúró. Wọ́n ní, “Gavan, mo gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo orúkọ la máa kọ nọ́ńbà sí báyìí o. Oókan, eéjì, títí dé ìsàlẹ̀.”

Dádì rẹ́rìn-ín. “Màámi, oókan péré la ti ń kọ nílé ìdìbò yìí láti ayébáyé. Ta ló yí i padà?”

“Ìjọba ni.”

“Ìjọba kan náà tó ti ibi ìgbẹ̀bí pa?”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Ó mú yín, Màmá.” Màmá náà wò mí, wọ́n ní, “Tahnee, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Sọ́séèjì wà lẹ́nu mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba Dádì gbọ́ ni, Brydie. Gbogbo wa la gbà wọ́n gbọ́. Nínú ilé ìdìbò, ìwé ìdìbò gan-an kọ ọ́ sí orí pé ká kọ nọ́ńbà sí gbogbo àpótí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka orí ìwé nígbà tó ti mọ ẹni tó fẹ́?

Ọ́ńkù Trev, àbúrò Mọ́mì, ni wọ́n bá Dádì ṣọ́ ìbò kíkà. O mọ̀ pé ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ń kó àwọn ìwé kan sọ́tọ̀, òkìtì náà ń ga. Oókan wà níwájú orúkọ Gavan Hallinan lórí gbogbo ẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ṣófo. Òfin tuntun ní òfo ni wọ́n. Ọ́ńkù Trev bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí n kàn bá wọn kọ eéjì sí i, mo mọ gbogbo wọn, mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.” Òṣìṣẹ́ obìnrin náà ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí tábìlì.

Ẹ ti gbọ́ lánàá pé Prentiss ló wọlé. Ohun tó fi ṣáájú Dádì ò tó nǹkan. Òkìtì òfo ti Wirrabilla nìkan ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀.

Dádì dúró ní bàràńdà, wọ́n ń pariwo pé wọ́n ti jí ìbò àwọn. Ọ́ńkù Trev gbọ́ wọn títí, wọ́n wá ní, “Bọ̀ọ̀dá, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹnu yín náà ni.” Wọ́n ṣàlàyé fún wọn. Mi ò rí irú ojú yẹn rí lójú Dádì, àfi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Declan. Wọ́n mú ẹ̀mú, wọ́n lọ ń tú páálí àwòrán ara wọn kúrò lára wáyà oko, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọn ò jẹun láti ìgbà náà.

Nọ́ọ̀sì ti wá. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí Mọ́mì àti nítorí Declan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n kúrò níbí. Ilé tí wọ́n ń fi àwọn aboyún sí ní ìlú ńlá ti kún. Mọ́mì kàn ń ká aṣọ ọmọ, wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni, kó jẹ́ ojú ọ̀nà.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Brydie. Jẹ́ kí n sọ òótọ́: àwọn ọjọ́ kan wà tí mò ń gbàdúrà pé kí oyún yẹn má sí. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní pa á rẹ́. Lánàá Mọ́mì gbé ọwọ́ mi lé ikùn wọn, ọmọ náà ta mí nípàá, mo sì lọ sunkún láàárín àwọn àgùntàn.

Jọ̀wọ́, bá mi bẹ Àǹtí Jacinta kí wọ́n gba Mọ́mì títí wọn ó fi bímọ sí ilé ìwòsàn tó wà lọ́dọ̀ yín ní Toowoomba. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ sí yẹn ti tó. Mọ́mì ò ní yọ yín lẹ́nu, wọn kì í jẹun púpọ̀. Màá tẹ̀lé wọn wá, màá fọ abọ́, màá máa sùn nílẹ̀. Sọ fún mọ́mì rẹ pé ẹgbẹ́ wọn ti borí, kí wọ́n má jẹ́ ká tún pàdánù nǹkan mìíràn. Dádì ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní tọrọ omi lọ́wọ́ mọ́mì rẹ.

Bá mi kí bàbá rẹ àti Nana, ìyá àgbà. Bá mi kí ajá yín arúgbó, bó bá ṣì wà láyé.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i nígbà tí Dádì wọlé. Wọ́n bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí. Irọ́ ò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní Brydie ni, mo ní kó bá wa bẹ Àǹtí Jacinta kí wọ́n gba Mọ́mì. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń yí fìlà wọn po lọ́wọ́.

Wọ́n ní, “Kọ ọ́ kún un fún àǹtí ẹ pé mọ́mì ẹ kì í lè sùn tí wọ́n bá ti fèrèsé pa.”

Wọ́n jáde. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Èmi tìrẹ tó ń retí èsì,

Tahnee